Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Owó Ààbò Ayélujára, Ta Ló Ń San Án, Kí Ni Wọ́n Ń Fi Rà?

Láti ìgbà tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, lẹ́tà tó ń béèrè nípa owó tí ìjọba ń kó jọ fún ààbò ayélujára kò yéé dé orí tábìlì wa. A yan márùn-ún nínú wọn. Àwọn tó gùn, a gé wọn kúrú. Àwọn tó fi ìbínú kọ̀wé, a fi ìbínú wọn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Tíránsífà ni àwọn oníbàárà mi fi ń sanwó báyìí, òun náà ni mo fi ń sanwó fún àwọn tí mo ti ń kó ọjà l'Ékòó. Lọ́dún 2024, a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ máa yọ owó ààbò ayélujára lára gbogbo owó tí a bá fi ránṣẹ́. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n ti dá a dúró. Ọmọ mi wá ní owó náà ti padà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Èwo ni kí n gbà gbọ́? (Aláṣọ, Gbági)

Èsì: Ìyá wa, wọ́n dá a dúró lóòótọ́, ọmọ yín náà kò sì purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí owó náà ń tọwọ́ rẹ̀ jáde ti yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ariwo ti sọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, kọ̀wé sí gbogbo báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ni fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn náírà kan nínú igba náírà, lára owó tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́. Ká ní ẹ fi 400,000 náírà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó àǹkárá fún yín l'Ékòó, 2,000 náírà ti lọ nìyẹn. Bí òun náà bá fi owó yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó kó o wọlé láti òkè òkun, 2,000 mìíràn tún lọ. Aṣọ kan náà ni o, owó kan náà ni, ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ tó bá gbà á kọjá ni wọn yóò ti bù nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ra aṣọ náà kẹ́yìn ni yóò ru gbogbo rẹ̀. Oríṣi owó mẹ́rìndínlógún ni CBN yọ sílẹ̀, lára wọn ni owó oṣù, owó tí a yá àti èyí tí a fi san gbèsè rẹ̀, owó tí èèyàn gbé láti inú àkáǹtì ara rẹ̀ kan sí òmíràn, owó tí kò jáde kúrò nínú báńkì kan náà, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ìtọrẹ àánú. Ẹni tó ń ra ọjà láti báńkì kan sí òmíràn kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe CBN ló dá owó náà sílẹ̀. Ó ti wà nínú òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún ọdún 2015. Abala 44 òfin yẹn ló dá Àpò Owó Ààbò Ayélujára Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó sì ní kí 0.005 lára owó tó bá gba orí ẹ̀rọ kọjá máa bọ́ sínú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni wọ́n kọ, wọn kò sọ bóyá ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá kà á bó ṣe wà yóò rí náírà kan nínú igba. Ẹni tó bá sì fi àmì ìdá ọgọ́rùn-ún kún un yóò rí náírà kan nínú ọ̀kẹ́ kan. Ẹ wo bí àmì bíńtín ṣe lè sọ igba di ọ̀kẹ́! Ìgbà tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà lọ́dún 2024 ni wọ́n tó kọ ọ́ gbangba pé ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ohun tó wá dun èmi jù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe iye rẹ̀. Òfin dárúkọ àwọn tó kàn: àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúná, ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti ọjà ìpín ìdókòwò. Òwò tí àwọn wọ̀nyí bá fi ẹ̀rọ ṣe ni òfin sọ pé kí owó náà ti wá. Ìwé CBN ló gbé ẹrù náà kúrò lórí ilé-iṣẹ́, tó sọ ọ́ ka orí oníbàárà, tó tún ní kí wọ́n kọ orúkọ owó náà sínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ kó lè mọ ohun tó gbé owó òun lọ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní kí CBN dáwọ́ dúró, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC fárígá, nígbà tó sì di ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún yẹn kan náà, Mínísítà fún ètò ìròyìn, Mohammed Idris, kéde pé Ààrẹ ti ní kí wọ́n dá a dúró kí wọ́n sì tún un gbé yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kẹta sí i, CBN fa ìwé rẹ̀ padà.

Ti ọmọ yín ló kù. Òfin owó-orí tuntun, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa san ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lára èrè wọn tó bófin mu láti bu owó-orí lé, kí wọ́n máa pè é ní owó ìdàgbàsókè. Ìdajì rẹ̀ ń lọ sí àpò TETFund fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń lọ sí owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yá, àwọn ẹlòmíràn ní ti wọn níbẹ̀, ìdá márùn-ún ló sì ń bọ́ sínú Àpò Ààbò Ayélujára. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá jèrè 10,000,000 náírà, 400,000 ni yóò san, 20,000 nínú rẹ̀ ni ti ààbò ayélujára. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ aṣọ tí èèyàn kò sọ di kọ́ńpìnnì kò sí nínú rẹ̀. Ní tèmi, ọ̀nà yìí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì: ẹni tó jèrè ló ń san án, lẹ́yìn tó ti jèrè tán. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ 50 náírà tí wọ́n ń yọ bí owó bá ti tó 10,000. Owó òǹtẹ̀ ìjọba nìyẹn, kò bá ààbò ayélujára tan.

Ìbéèrè: Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí l'Ábẹ́òkúta. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ka ìṣirò owó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló di àpò yìí mú, ta ló sì ń ka ìṣirò rẹ̀ sí wa létí? (Akápò, Abẹ́òkúta)

Èsì: Inú CBN ni àpò náà wà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò ló ń darí rẹ̀. Ọ́fíìsì yìí kan náà ni òfin fi ṣe olórí ètò ààbò ayélujára lápapọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ngCERT wà, àwọn tó ń gba ìròyìn ìkọlù orí ayélujára tí wọ́n sì ń kìlọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ nígbà tí ewu bá ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló di owó iṣẹ́ mú. Ìyẹn nìkan kò burú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di akápò láti ọjọ́ yìí yóò rí ohun méjì níbẹ̀ tí yóò mú yín ká gíláàsì ojú yín sókè. Èkíní ni pé òfin gbà kí wọ́n ná tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àpò náà lórí gbígbógun ti ìwà agbésùmọ̀mí àti ẹ̀sìn alákatakítí. Iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máà ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Èkejì ni pé òfin ní kí ọ́fíìsì náà máa kọ ìwé owó dáadáa, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlànà tí Olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà fún orílẹ̀-èdè bá là sílẹ̀. Kò ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta fún aráàlú. Bí ẹ bá yẹ ìwé alájẹṣẹ́kù wò tán, tí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí, ṣé ẹnì kan yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ìpàdé tó ń bọ̀ láti dá owó?

Àwáwí tí a máa ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ààbò, ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún irú ẹ̀rọ tí wọ́n rà àti ibi tí wọ́n gbé e sí. Ṣùgbọ́n iye tó wọlé láàárín ọdún, iye tó jáde, àti iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ níṣẹ́ kò lè ran ọ̀tá kankan lọ́wọ́. Àwọn ìjọba mìíràn ń sọ tiwọn: Britain kéde lọ́dún 2021 pé àwọn yóò ná bílíọ̀nù £2.6 láàárín ọdún mẹ́ta lórí ààbò ayélujára àti lórí pípààrọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ìjọba tó ti gbó, kò sì sí olè tó torí rẹ̀ rí kọ́kọ́rọ́ ilé wọn.

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. A ò ju mẹ́rin lọ. Ọ̀gá wa ní kí n máa tẹ owó tó ń jáde sórí ẹ̀rọ kí n sì máa fọwọ́ sí i fúnra mi, nítorí pé òun kì í sábà sí nílé. Ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀? (Òṣìṣẹ́, Òṣogbo)

Èsì: Lẹ́tà yín ló kúrú jù, òun náà ló já láyà mi jù. Wàhálà wà níbẹ̀. Abala 19 òfin ọdún 2015 tí mo ti ń dárúkọ bọ̀ sọ ọ́ ní tààrà pé ilé-iṣẹ́ ìṣúná kankan kò gbọdọ̀ fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo láǹfààní láti tẹ owó jáde kí ó sì tún fọwọ́ sí i. Pé ẹ kéré níye kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ti lọ sílé. Ẹnì kan rí ìwé pélébé tí ẹ kọ nọ́ńbà àṣírí yín sí, tí ẹ lẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì, ó sì fi wọlé. Ó tẹ 850,000 náírà sí àkáǹtì kan, ojú ìwé tuntun ṣí níwájú rẹ̀, ó béèrè pé ta ni yóò fọwọ́ sí i. Orúkọ yín ló tún jáde. Ó tẹ̀ ẹ́. Bí àṣẹ kejì bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni owó náà ìbá ti há di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ọlọ́pàá bá sì dé, ẹ̀yin nìkan ni orúkọ yín wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àpẹẹrẹ yìí jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ìlànà òdiwọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ̀rọ olówó gọbọi ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2019 ni CBN ti ní ìlànà ààbò ayélujára tí gbogbo báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ni sanwó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nígbà tó di ọdún 2023, èyí tí wọ́n ṣe fún báńkì kéékèèké àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúná yòókù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe awo: kí ìgbìmọ̀ olùdarí mọ̀ pé ọrùn àwọn ni ọ̀rọ̀ ààbò wà, kí wọ́n yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ààbò ìsọfúnni, kí wọ́n mọ ẹni tó lè ṣí kí ni, kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò. Òfin tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024 tún ní kí ẹni tí ìkọlù bá dé bá fi tó ngCERT létí láàárín wákàtí 72. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn. Bí ìsọfúnni àwọn oníbàárà bá sì bọ́ sóde lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 kan náà ni òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ láti sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá yín, kì í ṣe kí ẹ bá a sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ dárúkọ abala 19. Ẹni tó wà ní kàǹtà lè máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yin máa fọwọ́ sí i, tàbí kí ọ̀gá máa fọwọ́ sí i láti orí fóònù rẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní London. Àwọn ará ilé máa ń sọ pé bí ìjọba Nàìjíríà bá lè náwó bíi ti òyìnbó, ìdààmú orí ayélujára yóò dópin. Ṣùgbọ́n mo wà níbí nígbà tí wọ́n kọ lu àwọn ilé ìwòsàn lọ́dún 2017, mo tún wà níbí lọ́dún 2024. Ṣé owó ló kù ni, àbí nǹkan mìíràn ni? (Nọ́ọ̀sì, London)

Èsì: Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn ìdajì rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní WannaCry ti fáìlì pa káàkiri ayé, ó sì ní kí wọ́n wá sanwó kí òun tó ṣí i. Ní England, ó kéré tán 81 nínú àwọn àjọ 236 tó ń darí ilé ìwòsàn ìjọba ló fara kááṣá. Àtúnṣe tí ìbá lé kòkòrò náà sẹ́yìn ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún yẹn, Microsoft ti gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí yóò fi í sórí kọ̀ǹpútà ni kò rí i fi sí. Èyí tó burú jù ni pé kí ọjọ́ náà tó dé, wọ́n ti lọ yẹ ààbò 88 nínú àwọn àjọ náà wò. Kò sí ẹyọ kan tó yege, kò sì sí ẹni tó fi tipátipá mú wọn ṣàtúnṣe. Òdiwọ̀n wà, ẹni tí yóò gbé pàṣán ni kò sí.

Ti ọdún 2024 yàtọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, wọn kò gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wọlé rárá. Synnovis, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ní London ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n kọ lù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ falẹ̀ débi pé wọ́n ń bẹ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ oríṣi O pé kí wọ́n wá fi tọrẹ, nítorí òun ni wọ́n lè fún èèyàn láìtíì mọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn aṣòfin Britain mú níbẹ̀ ni pé òdiwọ̀n gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Láti ọdún 2014 ni ìjọba wọn ti ní ìwé ẹ̀rí kan, Cyber Essentials, tí ẹni tó bá fẹ́ gba àwọn iṣẹ́ ìjọba kan gbọ́dọ̀ ní. Ohun márùn-ún péré ni wọ́n ń wò níbẹ̀: ògiri tó ń dènà àlejò, bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ, ẹni tó ní àṣẹ láti wọlé, ìdènà kòkòrò, àti fífi àtúnṣe sí ẹ̀rọ lásìkò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ìjọba kò ní láti lé ẹnikẹ́ni kiri. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò ní rí iṣẹ́ gbà.

Nàìjíríà ní ohun tó lè fi ṣe irú rẹ̀. Abala 3 òfin wa gba Ààrẹ láàyè láti kéde àwọn ohun èlò tí ìlú kò lè ṣe aláìní, kí ó sì la òdiwọ̀n tó kéré jù sílẹ̀ fún àwọn tó ni wọ́n. Lọ́dún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí àwọn òpó fóònù, ilé ìpamọ́ ìsọfúnni àti okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ òkun. Èmi kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún náà, Ṣómólú ni mo wà, mo fẹ́ sanwó bébà tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn yìí. Owó kò lọ. Oníbébà jókòó lé ẹrù rẹ̀, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a jọ ń wo fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ti já lójú omi ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Kì í ṣe olè ló já a. Ilé-iṣẹ́ MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì. Ṣùgbọ́n báńkì tó ní ọ̀nà kejì àti ìkẹta ṣì ń fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, èyí tí kò ní sì dákú. Ohun tí òdiwọ̀n wà fún nìyẹn. Àṣẹ Ààrẹ ti sọ ẹni tó bá ba òpó jẹ́ di ọ̀daràn. Ohun tí mo ń retí ni apá kejì, tí yóò sọ iye ọ̀nà tí báńkì gbọ́dọ̀ ní àti ìyà tó wà fún ẹni tí kò bá ní i.

Ìbéèrè: Gbájú-ẹ̀ gba 180,000 náírà nínú àkáǹtì mi. Ṣé mo lè rí i gbà padà nínú àpò tí ẹ ń sọ yìí? (Tíṣà, Adó-Èkìtì)

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Rárá, àpò náà kò wà fún ìyẹn. Ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi san owó padà fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ́kọ́ mú un. Bó bá jẹ́ pé ààbò báńkì yín ló mẹ́hẹ, abala 19 kan náà tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ Òṣogbo ló gbé ẹ̀rí rù yín: ó ní oníbàárà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé báńkì ì bá ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tọ́ lójú mi, nítorí ọwọ́ báńkì ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin ti yí i padà nígbà tí wọ́n ń tún òfin náà ṣe. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí báńkì náà, ẹ fi ọjọ́ àti wákàtí tí owó jáde sí i, ẹ fi wákàtí tí ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n sí i pẹ̀lú, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín.